Ṣé Etí Rẹ Rọ̀?

Láti ojú ni ìfẹ́ Suqing àti Yanbo ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe irú ojú tí àwọn olólùfẹ́ fi ń wo ara wọn títí tí ọ̀rọ̀ yóò fi tán lẹ́nu wọn o. Ojú tí ata wọ̀ ni.

Àsìkò òtútù ni, ìkùukùu sì ti bo odò méjèèjì tó pàdé ní Yibin, ìlú kan ní ilẹ̀ Ṣáínà, débi pé ńṣe ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ń fọn fèrè kí wọ́n má baà kọlu ara wọn. Suqing ń nu awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ọkùnrin gíga kan ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ojú mi ń fọ́ lọ."

Suqing fà á lọ síbi tí iná mọ́lẹ̀ sí. "Ẹ gbé ọwọ́ yẹn kúrò kí n rí i."

Ojú náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà. Suqing wo ojú, ó wo ọwọ́ tí ó gbé kúrò. Epo ata ń dán ní ìka rẹ̀, òórùn aáyù àti yánmọtí sì ń jáde níbẹ̀.

"Kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Núdù."

"Níbo?"

"Ní ìsàlẹ̀ afárá. Mo sì sọ fún obìnrin yẹn pé ata díẹ̀ ni mo fẹ́!"

"Ata díẹ̀ náà ló fún yín," ni Suqing wí. Ó gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. "Ẹ fi ọwọ́ ata nu ojú ni. Kò sí ohun tó ń fọ́. Ẹ wá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó fọ ojú, kẹ́ ẹ má tún lọ fi kún un."

Ọkùnrin náà tẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi bí ọmọ ilé ìwé. Nígbà tó gbé orí sókè, omi ń kán ní imú rẹ̀, ojú kan funfun, ojú kan pupa.

"Ìlú wo lẹ ti wá?" Suqing béèrè.

"Wuxi."

"Háà! Ibi tí wọ́n ti ń fi ṣúgà se ẹran."

"Ṣúgà ò fọ́ ẹnikẹ́ni lójú rí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Suqing. Lọ́jọ́ kejì ọkùnrin náà padà wá, ó ní kí wọ́n bá òun yẹ ojú wò. Suqing yẹ̀ ẹ́ wò, ó sọ fún un pé ó ń ríran ju àwọn tó ń ta awò ojú lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dé.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe ojú yín."

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ wá ń wá?"

"Mò ń wá ẹni tó máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹ núdù ìlú yín láìsunkún."

Gu Yanbo lorúkọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà tó ń ṣe afárá tuntun sórí odò Jinsha ni. Ó ní irú ẹ̀rín kan tó máa ń pẹ́ kó tó dé, tó bá sì dé, kì í tètè lọ. Kí òtútù ọdún náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, Suqing ti mọ̀ pé ọkọ òun nìyí. Kì í ṣe ọmọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ máa ń ṣe méjì. Ìfẹ́ kò bà á lẹ́rù rárá. Ìyá rẹ̀ ló ń rò.

Ìyá rẹ̀, Tan Guifen, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n Tíṣà Tan ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é, wọ́n sì ń nà ró tí ó bá ń kọjá. Obìnrin náà mọ̀wé, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó mọ ayò ta. Ohun kan ni kò mọ̀: kò mọ oúnjẹ sè. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, Ruan Dehou, bàbá Suqing, ni ó ń dáná. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ká apá aṣọ, á wọ ilé ìdáná, ìyàwó rẹ̀ á sì gbé àpótí kékeré sẹ́nu ọ̀nà, á máa sọ ìròyìn ọjọ́ náà fún un. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, núdù alẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ ni, èyí tí àwọn ará àtijọ́ ń fi ọ̀pá gbé léjìká kiri tà. Òórùn rẹ̀ ló máa ń jí Suqing.

Ní Yibin, irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní elétí rírọ̀. Aya rẹ̀ á sọ̀rọ̀, á gbọ́. Aya rẹ̀ á fa etí náà, á tẹ̀ lé e, kò sì ní dín ọkùnrin kù lójú ara rẹ̀. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tí kì í wá a fún ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Dehou, àwọn aládùúgbò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, wọ́n ń mi orí. "Etí rẹ̀ rọ̀. Etí ọkùnrin yẹn rọ̀ lóòótọ́." Ìyá Suqing gbọ́ ọ láàárín ẹkún, ó sì nà ró.

Láti ìgbà náà, agbada irin Dehou wà lára ògiri níbi tó gbé e kọ́ sí. Oúnjẹ títà ni ìyá ń jẹ. Ó ti tọ́ núdù gbogbo ìsọ̀ wò káàkiri ìlú. Á jẹ ẹnu kan, á gbé igi ìjẹun rẹ̀ méjèèjì lélẹ̀.

"Kì í ṣe èyí."

"Kí ló kù níbẹ̀, Màmá?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí."

Àǹtí Kẹta, àbúrò bàbá rẹ̀, ni Suqing bẹ̀ níṣẹ́. Obìnrin yìí àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ máa ń ta ayò lọ́sàn-án, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Suqing jókòó sí yàrá kejì, ó fi etí mọ́ ògiri.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi," ni Àǹtí Kẹta wí, "ká ní ẹnì kan fẹ́ fẹ́ Suqing ńkọ́?"

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ dáadáa ni. Ẹnjiníà ni."

"Mo ní ọmọ ta ni, mi ò ní iṣẹ́ wo ló ń ṣe."

"Ará... ìsàlẹ̀ odò ni."

"Ìsàlẹ̀ odò dé ibo? Luzhou?"

"Ó kọjá Luzhou díẹ̀."

"Chongqing?"

"Ó tún kọjá ibẹ̀ díẹ̀."

Ìró ayò dáwọ́ dúró. "Àbúrò, ṣé kì í ṣe pé odò ọ̀hún ti fẹ́ wọ òkun?"

"Wuxi ni," Àǹtí Kẹta sọ ọ́ kíá, bí ẹni tó ń já ẹ̀gún kúrò lẹ́sẹ̀.

"Wuxi! Kó wá gbé ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń da ṣúgà sí ẹran?"

"Iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró síbí. Ibí ló máa gbé. Ẹ ṣáà jẹ́ kó wá kẹ́ ẹ fojú rí i."

Ìró ayò tún bẹ̀rẹ̀, ìyá sì bi í pé, "Ṣé ó mọ oúnjẹ sè?"

"Ó mọ̀ ọ́n sè. Ó ń dùn bíi ṣúgà ni, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n sè."

"Kó wá."

Yanbo wá. Ó wọ aṣọ tó dára jù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíì àti èso sílẹ̀ níwájú ìyá, ó tẹrí ba. Oúnjẹ tí wọ́n rà ní ilé oúnjẹ ni wọ́n gbé ka tábìlì. Ó jẹ ẹ̀fọ́ aláta, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì ráhùn. Ìyá ń bi í léèrè, ó ń dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Suqing wo ìyá rẹ̀, ó rí i pé ojú rẹ̀ ti ń tú ká. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé ó ti bù ṣe.

Ni Àǹtí Kẹta bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́.

"Ọmọ wa, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé etí rẹ rọ̀?"

Ìyá tẹ̀ síwájú lórí àga. Suqing náà ń rẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ní ibi tí wọ́n ti tọ́ Yanbo, ẹni tí etí rẹ̀ rọ̀ ni ẹni tí gbogbo ayé ń tàn jẹ, ẹni tí kò ní ìpinnu, tí ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló ń darí rẹ̀.

Yanbo gbé igi ìjẹun rẹ̀ lélẹ̀. Ó gbé àyà sókè.

"Rárá o, Mà. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Etí mi le bí òkúta. Kò sí obìnrin tó lè máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nínú ilé tèmi, ohun tí mo bá sọ ni abẹ gé."

Àǹtí Kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, nǹkan kan kò sì há a lọ́fun. Ìyá Suqing to igi ìjẹun rẹ̀ sórí abọ́, ó tò ó kó gún régé.

"Àbúrò," ó wí jẹ́jẹ́, "bu ọbẹ̀ fún àlejò."

Àlejò. Suqing gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbé igi ìjẹun tirẹ̀ náà lélẹ̀. Kí Àǹtí Kẹta tó bu ọbẹ̀ tán, Yanbo náà ti mọ̀ pé òun ti ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí òun bà jẹ́. Ó wo Suqing. Suqing wo abọ́.

Nígbà tí àlejò ti lọ, ìyá kò pariwo. Tíṣà Tan kì í pariwo.

"N kò fẹ́ ẹ."

"Màmá, ọ̀rọ̀ náà ni kò yé e. Kì í ṣe ohun kan náà ló túmọ̀ sí níbi tí wọ́n ti bí i."

"Ó yé e. Ó tún fi òkúta kún un."

"Màmá!"

"Ọkùnrin tó ń sè fún mi wà lábẹ́ ilẹ̀, Suqing. Mi ò ní mú ọmọ mi fún ẹni tó máa máa pàṣẹ lé e lórí."

Suqing dúró níwájú ìyá rẹ̀, kò wolẹ̀. "Mi ò ní fẹ́ ẹ tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ ẹlòmíì. Ẹ gbọ́ ọ kó yé yín báyìí, kẹ́ ẹ má máa rò pé mo ṣì ń rò ó."

Ìyá kàn wò ó, bí ẹni tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Lọ́jọ́ kejì, Suqing pàdé Yanbo létí odò, níbi tí àwọn àgbà ọkùnrin ti máa ń mu tíì lórí àga oparun. Ó ṣàlàyé ohun tí etí rírọ̀ jẹ́ fún un. Yanbo fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Mo gbé! Mo sọ fún ìyá rẹ pé mi ò ní ṣe bíi bàbá rẹ."

"Ohun tó o sọ gan-an nìyẹn."

"N ó lọ bẹ̀ wọ́n. N ó sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò yé mi ni. Kíá ló máa parí."

"Dúró ná." Suqing gbé ife tíì lélẹ̀. Ohun tí ó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti àná nìyí, kò sì fẹ́ kó sùn lọ́kàn òun. "Ó dáa, etí rírọ̀ ò yé ọ. Ohun mìíràn tó o fi kún un ńkọ́? Pé ohun tó o bá sọ ni abẹ gé. Ìyẹn náà ò yé ọ?"

Yanbo gbé ọwọ́ kúrò lójú.

"Mi ò bínú," ni Suqing wí. "Mo kàn fẹ́ mọ̀. Ṣé ohun tó wà lọ́kàn rẹ nìyẹn?"

"Bàbá mi ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀," ni Yanbo wí. "Ó ní tí mo bá dé ilé àna, kí n jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin ni mí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe nílé wa. Bàbá á sọ̀rọ̀, gbogbo wa á dákẹ́. Màmá mi kì í bá a jiyàn. Mi ò rò ó rí bóyá ó tẹ́ màmá mi lọ́rùn." Ó yí ife rẹ̀ po. "Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn mi, Suqing. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn."

"Lọ rò ó. Mi ò fẹ́ ẹni tó máa máa sọ 'bẹ́ẹ̀ ni' nítorí kó lè rí mi fẹ́. Mi ò sì fẹ́ abẹ. Tó o bá mọ èyí tó o jẹ́, wá sọ fún mi."

Ó dìde, ó sì lọ. Kò wo ẹ̀yìn, nítorí ó mọ̀ pé tí òun bá wo ẹ̀yìn, òun á padà.

Yanbo kò wá sí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Suqing ń ta awò ojú, ó ń kí àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá ti dún, ọrùn rẹ̀ á yí. Ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun ti le jù. Ó ní rárá. Ó tún bi ara rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n kan ilẹ̀kùn ilé wọn. Ìyá ló ṣí i. Yanbo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpò méjì: núdù tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí ọ̀rá wà lára rẹ̀ tí wọ́n ti lọ̀, àlùbọ́sà eléwé, ata gbígbẹ.

"Mà, mo wá bẹ̀ yín kẹ́ ẹ kọ́ mi ní núdù Bàbá."

"N kò mọ̀ ọ́n sè," ìyá wí, ojú rẹ̀ le. "Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n sè. Ṣé o wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Rárá, Mà. Suqing ti sọ fún mi pé ẹnu ọ̀nà lẹ máa ń jókòó sí. Mo rò ó pé ẹni tó jókòó síbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ á ti mọ bó ṣe ń dún."

Ìyá wò ó látòkè délẹ̀. Suqing wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìyá lọ gbé àpótí kékeré náà wá, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó jókòó.

"Sọ agbada yẹn kalẹ̀. Nu eruku rẹ̀."

Yanbo gbé agbada lé iná. Ó da ẹran sí i, ó ń rò ó.

"O ti fẹ́ bu omi sóyà sí i!"

"Ó ti funfun, Mà. Ó ti jinná."

"Jinná kọ́ la wí. Gbọ́ ọ. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí omi wà lẹ́nu rẹ̀. Jẹ́ kí omi tán."

Yanbo sún mọ́ agbada, ó fi etí sí i. Ẹran náà ń hó gbùdùgbùdù. Nígbà tó ṣe, ohùn rẹ̀ yí padà, ó ń ta ṣáṣáṣá bí òjò kékeré lórí páànù.

"Nísinsìnyí!" ìyá kígbe. "Bu yacai sí i!"

Yanbo bu ewé oníyọ̀ dúdú náà sí i, òórùn tí Suqing kò gbọ́ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú sì kún ilé. Ṣùgbọ́n epo ata ti jóná, núdù sì rọ̀ jù. Ìyá jẹ ẹnu kan, ó gbé igi ìjẹun lélẹ̀.

"Kì í ṣe èyí."

"Ṣé kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Mà?"

"Ṣé mo lè dè ọ́ mọ́lẹ̀ ní Wuxi ni?"

Ó padà wá. Ó ń padà wá ní Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo títí òdòdó fi yọ lórí òkè. Ó kọ́ bí epo ṣe gbọdọ̀ gbóná kó tó bọ́ sórí ata, kó fi òórùn yọ láìdúdú. Ó kọ́ láti gún èso huajiao nígbà tí ó bá fẹ́ lò ó, kí ètè lè kú tiiri bó ti yẹ. Ìyá ń bú u láti orí àpótí, ó ń pè é ní ọlọ́wọ́ igi, ó ń bi í bóyá afárá rẹ̀ náà ń wó báyìí. Nígbà mìíràn òun náà á máa rẹ́rìn-ín, tó bá rántí, á fún ojú pọ̀. Àǹtí Kẹta wá wò wọ́n lọ́jọ́ kan, ó fi ìgúnpá gún Suqing.

"Ìyá rẹ ti gbà."

"Wọn ò tíì gbà o. Mo bi wọ́n lánàá. Wọ́n ní, 'Mo ní kó sè é, mi ò ní kó fẹ́ ọ.'"

Suqing pàápàá kò tíì sọ pé òun gbà. Ó ń wo Yanbo níbi iná, bó ṣe ń sọ 'Bẹ́ẹ̀ ni, Mà', 'Mo gbọ́, Mà', ó sì ń rò ó lọ́kàn: ṣé ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ nìyí, àbí ẹni tó ń fi ẹnu ṣe é kó lè kọjá ẹnu ibodè?

Ó wá di Ọjọ́ Ìsinmi kan tí ohun gbogbo bọ́ sí i. Ẹran náà gbẹ, ó ń ta ṣáṣáṣá. Epo ata mọ́ gaara. Yánmọtí lílọ̀, fínígà, aáyù, gbogbo rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ abọ́, núdù gbígbóná lórí wọn, ẹran lórí núdù. Ìyá pò ó, ó jẹ ẹ́. Ó tún jẹ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbé igi ìjẹun lélẹ̀. Ó di í mú lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì bà jẹ́.

"Ó kù díẹ̀," ó wí. "Ohun kan ló kù. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu, mi ò mọ orúkọ rẹ̀."

Yanbo fi ṣíbí kékeré tọ́ omi ọbẹ̀ náà wò. Ó lá ètè.

"Mà, ṣúgà ni."

"Kí lo wí?"

"Díẹ̀ ni. Fínígà àti ata ń bá ara wọn jà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó là wọ́n."

Ìyá dìde lórí àpótí. "Ṣúgà! Nínú ilé yìí! Ọkọ mi kò jẹ́ fi ṣúgà sí núdù láyé rẹ̀. Lójú mi báyìí ló ti ń sè é! Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan ni wàá gbé Wuxi rẹ wọlé wá bá mi!"

Suqing di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. Tí Yanbo bá bá ìyá jiyàn, ó parí. Tó bá ní 'Bẹ́ẹ̀ ni, Mà' lórí ohun tó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó parí lọ́dọ̀ Suqing.

"Mo gbọ́, Mà," ni Yanbo wí. Ó fi abọ́ ìyá sílẹ̀ bó ṣe wà, kò fọwọ́ kàn án. Ó fa abọ́ tirẹ̀ sọ́dọ̀, ó fi ìka méjì bu ṣúgà díẹ̀ sí i, ó pò ó dáadáa, ó wá rọra tì í sí àárín tábìlì. "Tèmi nìyí. Abọ́ tiyín wà bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Mi ò ní sọ pé mo gbà nígbà tí mi ò gbà, mi ò sì ní fi agbára sọ ọ́ di ti gbogbo ilé. Ẹ kàn tọ́ ọ wò. Tí mo bá ṣì í, mi ò ní dárúkọ ṣúgà níbí mọ́."

Suqing fi ẹ̀gbẹ́ tábìlì sílẹ̀. Ó ti rí ohun tó ń wá, kò sì ní béèrè mọ́ láé.

Ìyá wo abọ́ náà bí ẹni tó ń wo olè. Ó na igi ìjẹun sí i. Ó fa núdù díẹ̀, ó fi sẹ́nu.

Ó dúró. Ẹnu rẹ̀ kò jẹ. Omi rọra kún ojú rẹ̀, ó sì ń ṣàn sílẹ̀ láìsí ìró kankan.

"Dehou," ó wí. "Ìwọ ọkùnrin yìí."

"Màmá?"

"Ìgbà wo ló ń bu ṣúgà sí i? Mo jókòó síbí! Mi ò gbé ojú kúrò lára..." Ó dúró. Ó yí orí, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta fèrèsé níbi tí ìkòkò àlùbọ́sà eléwé wà. "Ó máa ń ní, 'Guifen, bá mi já àlùbọ́sà wá.' Tó bá kù díẹ̀ kó bu núdù ni. Gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi. Mo rò pé ó fẹ́ kí n máa ràn án lọ́wọ́ ni! Mo ń dìde bí ẹni ńlá, mo ń lọ já àlùbọ́sà!"

Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà. Suqing lọ dì mọ́ ọn láti ẹ̀yìn. Yanbo kò mọ ibi tó lè wò, ó ń nu agbada tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Etí tó rọ̀ tó yẹn," ìyá wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, "ó ń tàn mí jẹ nínú ilé ara mi."

"Ẹ ò bá ti jẹ ẹ́ ká ní ẹ mọ̀," ni Suqing wí.

"N kò bá ti jẹ ẹ́. Òótọ́ ni." Ó fa abọ́ Yanbo sún mọ́ra, ó sì jókòó tì í. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi tán, ó gbé abọ́ sókè, ó mu èyí tó kù sísàlẹ̀. Nígbà tó gbé e kalẹ̀, ètè rẹ̀ pọ́n, ó sì dà bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé ilé.

"Jókòó, Yanbo," ó wí. Kò pe orúkọ rẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. "Màmá rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ara wọn le, Mà."

"Ṣé ó lè wọ ọkọ̀ ojú irin dé ibí?"

Yanbo wo Suqing, ó tún wo ìyá. Ẹ̀rín tó máa ń pẹ́ kó tó dé ti ń bọ̀ lójú rẹ̀. "Wọ́n lè wọ̀ ọ́, Mà. Ṣùgbọ́n... wọn kì í jẹ ata. Rárá ni."

Ìyá Suqing mí kanlẹ̀. Ó wo iná, ó wo agbada, ó wo ìgò epo ata tó ń dán lórí pẹpẹ, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

"Sọ fún un kó máa bọ̀," ó wí. "A ó se tirẹ̀ láìfi ata sí i."